Ẹni Tó Pe Ilé ní Ulé

Ohun tí Sájẹ́ńtì Ọmọ́níyì gbé lé orí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú Oǹdó lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn kò yẹ lóhun tí ọmọlúàbí ń fọwọ́ kàn. Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ni. Ìdérí rẹ̀ ti sán, àwọn lẹ́tà kan ti ká kúrò lójú rẹ̀ bí eyín arúgbó, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Inú páálí tuntun tó ń dán yinrin ni wọ́n ti bá a.

Olúyẹ́misí Adébùsóyè yínmú sí i. Obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ títí ewú fi gba orí rẹ̀ kan. Ó ti fẹ̀yìn tì sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìṣìkàn, ní Àkúrẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, òun ni wọ́n ṣì ń gbé e wá bá. Oríṣiríṣi olè ló ti bá pàdé. Èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn, tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọjà, á wá èyí tó fara jọ ọ́. Òpònú wo wá lẹni tó fi àkísà rọ́pò aṣọ tuntun, tó tún rò pé òun gbọ́n?

"Ẹ wò ó, mà," sájẹ́ńtì wí. "Ohun tí ọmọ yín gbé wá fún oníbàárà nìyí."

"Kì í ṣe ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ rèé, kó má baà rú yín lójú. Ọkùnrin kan wà ní Oǹdó yìí tó ń jẹ́ Bísọ́dún Oríọlá. Ó ti tó ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé, àmọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó jókòó sójú kan, kó máa gbá géèmù, kí àwọn ọ̀lẹ bíi tirẹ̀ sì máa wò ó lórí ayélujára, kí wọ́n máa pè é ní Ọ̀gágun. Ọ̀gágun wa yìí lọ ra láptọ́ọ̀pù géèmù lọ́wọ́ Bọ́látitó, tó ń tajà lórí ayélujára láti Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ tí èèyàn á kàn nawọ́ mú o. Bísọ́dún ló yan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, káàdì tó máa gbé àwòrán géèmù, fáànù tí kò ní jẹ́ kó gbóná, títí dórí iná abẹ́ lẹ́tà rẹ̀, tó ní kó máa pọ́n bí epo. Ìyàwó ọ̀ṣìngín gan-an, wọn kì í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọpẹ́yẹmí, tó ń bá Bọ́látitó ṣiṣẹ́, ló to gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí Oǹdó. Ọjọ́ kejì ni Bísọ́dún gbé páálí, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ó ní àkísà ni wọ́n gbé fún òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jẹ́ olóyè, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọpẹ́yẹmí ti wà ní àtìmọ́lé. Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹni tí wọ́n bá sì gbé débẹ̀, kí adájọ́ tó ráyè gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó lè ti pẹ́ lẹ́wọ̀n ju olè gidi lọ.

Ohun tó gbé Agnes, ìyá ọmọ náà, wá sí ẹnu ilẹ̀kùn Olúyẹ́misí láàárọ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Agnes, ọmọ Òkìtìpupa, ó ti pẹ́ ní sẹkitéríàtì ní Alágbàká, àdúgbò yẹn náà ló sì ti tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ó kúnlẹ̀, kò sunkún. Ó ní òun ò bí olè, àmọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọ òun sẹ́wọ̀n lọ́la, ẹni tó máa jáde wá kò ní jẹ́ ọmọ tí òun tọ́ mọ́. Olúyẹ́misí ní kó dìde, kó lọ wá ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ Bọ́látitó ni wọ́n kọ́kọ́ yà, nítorí pé tí ọjà bá yí padà, ẹni tó tà á ni èèyàn ń kọ́kọ́ wò lójú. Wọ́n bá a nínú yàrá kan tí kò síná, ó wọ kóòtù, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó ń ro oko. Kí Ọpẹ́yẹmí tó sun oorun àkọ́kọ́ ní àtìmọ́lé, ọ̀gá yìí ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára pé òun ti lé olè kúrò níbi iṣẹ́ òun. Olúyẹ́misí bi í pé kí ló dé tó kánjú bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lòun ń dáàbò bò. Ṣíọ̀. Ilé-iṣẹ́ wo? Yàrá kan, tábìlì kan, àti ìgbéraga tó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ká sọ tòótọ́, Olúyẹ́misí fẹ́ kó jẹ́ òun ló jí i. Ojú rẹ̀ jọ ọ́. Àmọ́ Bọ́látitó máa ń ya fídíò láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan kó tó wọ páálí, ó sì fi èyí hàn wọ́n: iná pupa ń tàn lábẹ́ lẹ́tà, gbogbo ohun tí Bísọ́dún yàn ló hàn lójú rẹ̀, ọwọ́ Ọpẹ́yẹmí gbé e sínú páálí, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Bọ́látitó ní òun fi ọkọ̀ òun gbé ọmọ náà dé ibùdókọ̀. Wọ́n wá awakọ̀ tó gbé e lọ sí Oǹdó rí. Awakọ̀ ní òun rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé òun bá a jà, ó kọ̀ kó gbé páálí sí bùútù, orí itan ló gbé e lé títí wọ́n fi dé.

Gbogbo èyí kò wẹ Bọ́látitó mọ́ pátápátá. Èèyàn lè ya fídíò tán kó tún páálí ṣí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ọpẹ́yẹmí fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Olúyẹ́misí ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, láti ẹ̀yìn irin. Ọmọ gíga kan ni, ojú rẹ̀ ti wú, àmọ́ ó ń sọ Yorùbá rẹ̀ létòlétò bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó ní nígbà tóun dé ilé Bísọ́dún, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣí páálí. Òun tan láptọ́ọ̀pù fún un, òun fi ohun gbogbo hàn án, Bísọ́dún sì ń jó yí i ká. Kò sẹ́lòmíì nílé. Nígbà tóun padà dé Àkúrẹ́, òun pè é lórí fóònù láti sọ fún un pé òun ti délé, òun sì bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bísọ́dún ní kò sí ìyọnu.

Olúyẹ́misí ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Bí Ọpẹ́yẹmí bá mọ̀ pé ọ̀gá òun ló jí i, kí ló máa sọ pé ohun rere ló jáde látinú páálí fún? Ọ̀gá tó pè é lólè ní gbangba kò yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń bò láṣìírí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò ju èèyàn méjì lọ. Bí ọmọ yìí bá ń sọ òtítọ́, Bísọ́dún ni olè. Bó bá ń purọ́, òun gan-an ni. Kò sẹ́ni kẹta.

"Pe Ọ̀gágun wá fún mi," ó sọ fún Ọmọ́níyì.

Bísọ́dún wọlé tòun ti jígí dúdú lójú, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kò dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, orí ló mì. Olúyẹ́misí ní kó yọ jígí rẹ̀, kó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, kó sì padà síta lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Sájẹ́ńtì fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ẹ̀rù ti ń bà á díẹ̀.

"Ṣé o tan láptọ́ọ̀pù náà nígbà tó gbé e dé?"

"Rárá, mà. Ó ń kánjú. Ó ní ọkọ̀ fẹ́ já òun sílẹ̀."

"Ọjà tí o fẹnu ara rẹ yàn bí ẹní yan aya, o ò wo inú rẹ̀?"

"Mo fọkàn tán wọn, mà."

"Nígbà tó lọ tán ńkọ́?"

"Ó pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má tíì ṣí i."

Òun nìyẹn. Ìpè yẹn wáyé, àwọn méjèèjì gbà, ó sì wà nínú fóònù àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ ni ẹnìkan kò lè jẹ́rìí sí. Ìpè yìí gan-an ló sì fẹ́ gbé Ọpẹ́yẹmí lọ sẹ́wọ̀n, nítorí pé lójú ọlọ́pàá, kí ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ máa sọ pé kí wọ́n má ṣí ọjà fún?

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?" Olúyẹ́misí bi í. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Inú Bísọ́dún dùn sí ìbéèrè yìí. Ẹni tó ti mọ́ lára kí wọ́n máa wo òun, ẹ má fún un ní ààyè láé. Ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó ká ẹnu kò bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ gbígbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọmọ náà jẹ.

"'Mo ti dé ulé o. Má tíì ṣí i, uṣẹ́ kù lára rẹ̀.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, mà. Ulé, uṣẹ́. Àkúrẹ́ paraku ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Sájẹ́ńtì Ọmọ́níyì, tóun náà jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, dijú mọ́ ọn. Olúyẹ́misí kò dijú. Ó wá ń rọra sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tó ń ti fèrèsé ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé.

"Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àbí ìwọ lò ń fi tìrẹ sí i?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo lè fi Bíbélì búra."

"Kò lè jẹ́ pé ẹlòmíì ló gba fóònù rẹ̀ pè ọ́?"

"Rárá, mà. Ohùn rẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ó ní kí sájẹ́ńtì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí Bísọ́dún sì fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìgbéraga, ó fa ìlà gígùn sábẹ́ orúkọ rẹ̀ bíi gómìnà.

Olúyẹ́misí fa Ọmọ́níyì síta. Ó ní tí èèyàn bá ń purọ́, kí wọ́n má wo ọbẹ̀, kí wọ́n wo ibi tó ti ń bu iyọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n pè lóòótọ́ á kàn sọ pé wọ́n ní kóun má ṣí i, ó parí. Èyí tó ń hun ìpè láti inú orí ara rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, á fẹ́ kó dùn létí. Gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ fi ará Àkúrẹ́ ṣẹ̀sín, u yẹn náà ni wọ́n ń kó sẹ́nu bí ẹ̀pà. Òmùgọ̀ náà gbọ́ pé Àkúrẹ́ ni ọmọ yìí ti wá, ó bá fi èdè Àkúrẹ́ sí i lẹ́nu.

"Ṣé ọmọ náà kì í sọ Àkúrẹ́ ni?" sájẹ́ńtì bi í.

"Ọmọ Alágbàká? Ta ló ń gbé Alágbàká? Ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́, ará Òkìtìpupa, gbogbo ẹni tí ìjọba ń sanwó oṣù fún. Yorùbá ilé-ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Wọ́n ti ń mu omi wa láti ọjọ́ yìí, wọn ò tíì mọ bá a ṣe ń kíra wa."

Ọmọ́níyì ronú díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ọ̀gá òun kò ní gbà á. Bí wọ́n bá bi olè pé ṣé ó gbọ́ Àkúrẹ́, ẹnu kọ́ ló máa fi sọ pé òun ò gbọ́? Ta ló máa mọ̀ pé irọ́ ni?

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bi í," ni Olúyẹ́misí wí.

Wọ́n mú Ọpẹ́yẹmí jáde láti àtìmọ́lé, wọ́n ní kó dúró síwájú tábìlì. Bísọ́dún wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kọ ẹsẹ̀ lé ara wọn. Agnes wà níta lábẹ́ igi, kò sì mọ ohun tó ń lọ.

Olúyẹ́misí kọjú sí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Àkúrẹ́. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti pò mọ́ra o. Èyí tí àwọn ìyá àgbà Ìṣìkàn fi ń sọ àṣírí lójú àlejò ni, tí wọ́n ń sọ kíákíá, láìgbé ohùn sókè, láìmi orí. Ohun tó sì sọ ni pé Agnes ti ṣubú níta, pé kò mí dáadáa mọ́, pé wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé e.

Àga Sájẹ́ńtì Ọmọ́níyì ṣubú lulẹ̀. Ó ti dé ojú fèrèsé kó tó rí Agnes tó jókòó jẹ́jẹ́, tó ń mu omi. Bísọ́dún pàápàá, tí etí ará Oǹdó lè mú nínú rẹ̀, ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó la ẹnu sílẹ̀.

Ọpẹ́yẹmí nìkan ni kò mira. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo Olúyẹ́misí bí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù fún.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ. "Mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí. Ṣé ẹ lè sọ ọ́ ní Yorùbá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Olúyẹ́misí, ká má purọ́. Kí ni òun ti ń sọ láti àárọ̀, Faransé? Àmọ́ kò sí àkókò ìbínú. Ó dìde, ó di ọmọ náà lápá mú, ó sì sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ fún un ní Yorùbá, ó tún yára fi kún un pé irọ́ ni, pé ìyá rẹ̀ wà lálàáfíà, kó wo ojú fèrèsé. Ọmọ náà sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Àánú rẹ̀ ṣe Olúyẹ́misí gidigidi, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí òun.

Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Bísọ́dún, àánú sì tán lójú rẹ̀.

"Wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́. Èyí ló pè ọ́ lórí fóònù, tó sọ Àkúrẹ́ paraku tí ẹ̀rín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́?"

"Bóyá... bóyá kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀."

"O ní o mọ ohùn rẹ̀ dáadáa."

"Bóyá èmi ni mo ṣì í sọ."

"O ní wàá fi Bíbélì búra, o sì ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi—"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò sí lórí fóònù yẹn."

"Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ," sájẹ́ńtì kùn láti ojú fèrèsé.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gágun fi túúbá. Ẹni tó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀tá nínú géèmù lójoojúmọ́, ìbéèrè obìnrin arúgbó kan ló pa á. Ó ní inú kúlà ńlá tí ìyá òun fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni láptọ́ọ̀pù náà wà, lábẹ́ aṣọ ìnujú. Ó ní òun rò pé Bọ́látitó máa sáré fi òmíràn ránṣẹ́ kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́, kí òun wá ní méjì. Wọ́n bi í pé ọmọ tó máa lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ò rò ó débẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, Olúyẹ́misí gbà pé òtítọ́ nìyẹn.

Sájẹ́ńtì lọ gbé e wá. Nígbà tí wọ́n tan án, iná rẹ̀ pọ́n bí epo lóòótọ́, àwòrán tó sì kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀ ni ti Bísọ́dún fúnra rẹ̀, ó wọ aṣọ ológun, ó gbé ìbọn, ó sì dé adé. Ọ̀gá àgọ́ wò ó, ó wo Bísọ́dún. Ó kàn nawọ́ sí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé tí Ọpẹ́yẹmí ti jáde.

Kí wọ́n tó tú ọmọ náà sílẹ̀ tán, Bọ́látitó ti dé láti Àkúrẹ́. Ẹnìkan ti pè é. Ó ṣì wọ kóòtù rẹ̀, ó fi fóònù há orí ọ̀pá gígùn kan, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ sí i kó tó wọ inú ọgbà. Ó ní òun ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òtítọ́ máa lékè, pé òun ò fìgbà kan ṣiyèméjì lórí òṣìṣẹ́ òun. Ó dì mọ́ Ọpẹ́yẹmí ní èjìká, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé e lọ́wọ́, ó ní kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí gbogbo oníbàárà tó ń wò wọ́n báyìí rí i pé ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ọpẹ́yẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó wo fóònù, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ mi?" ó bi í.

"Gbogbo wọn ló ń gbọ́ ẹ. Sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì mí mọ́lé, ẹ ò wá wò mí. Ẹ ò pè. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo jí i."

Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà padà lé ọ̀gá rẹ̀ lápá, ó rọra gbé e, bí ẹni tó mọ̀ pé òun lòun tò ó pọ̀. Ó rìn lọ bá Agnes lábẹ́ igi. Ìyá rẹ̀ fi etí ìró rẹ̀ nu ojú rẹ̀ fún un, wọ́n sì jọ kọjú sí ibi tí Olúyẹ́misí ti ń dá ọkọ̀ dúró. Bọ́látitó kù láàárín ọgbà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lápá kan, ó ń fi ọwọ́ kejì wá ibi tí wọ́n ti ń pa fídíò náà, kò rí i, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń wò ó.